Ọ̀bẹ Inú Àpótí Àwọn Baba Wa: Bí A Ṣe Ń Dá Irú Ọ̀bẹ Àtijọ́ Mọ̀, àti Ohun Tí Ó So Mọ́ Ọn

Ìbà Olódùmarè. Ìbà Ọ̀rúnmìlà, ẹlẹ́rìí ìpín. Ìbà Ògún, onírin, nítorí pé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ọ̀bẹ ni kókó ọ̀rọ̀ wa. Ohun kékeré ni lójú ẹni tí kò ronú jinlẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹran ìrúbọ tí a lè pa láìlo ọ̀bẹ, kò sí ikin tí a lè bọ pẹ̀lú ẹran láìjẹ́ pé Ògún ti kọ́kọ́ la ọ̀nà. Ní ọ̀pọ̀ agbolé wa, àpótí kan wà tàbí igun kan lójúbọ tí irin àwọn baba ńlá wa kó jọ sí. Bí a bá ṣí i, a ó rí abẹ, a ó rí ọ̀bẹ tí alágbẹ̀dẹ rọ, a ó sì rí ọ̀bẹ kíká, èyí tí ẹnu rẹ̀ ń wọnú èkù, tí baba wa máa ń fi sápò agbádá nígbà tí ó bá ń ròde. Gbogbo wọn ti dógùn-ún pa pọ̀. Ojú kan náà ni ọ̀dọ́ ilé fi ń wò wọ́n.

Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ẹlòmíràn kò fi ojú kan náà wò wọ́n. Káàkiri ayé ni àwọn ènìyàn wà tí wọ́n ń kó ọ̀bẹ àtijọ́ jọ, tí wọ́n sì mọ ìyàtọ̀ láàrin irú kan àti òmíràn. Nígbà tí ẹni tí ó mọ̀ bá pàdé ẹni tí kò mọ̀, ẹ mọ ẹni tí yóò jèrè. Àwọn baba wa ní bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ èkù idà, a kì í bèèrè ikú tí ó pa baba ẹni. Ìmọ̀ ni èkù tí a fẹ́ kí ọwọ́ wa tẹ̀ lónìí.

Ìbéèrè méjì ni ọ̀rọ̀ yìí dúró lé. Èkíní: ta ni ó rọ ọ̀bẹ yìí, nígbà wo, níbo? Èkejì: kí ni a fi ṣe nínú ilé wa? Ara ọ̀bẹ fúnra rẹ̀ lè dáhùn ìbéèrè èkíní. Ẹnu àwọn àgbà nìkan ni ó lè dáhùn èkejì. Ẹni tí ó bá da méjèèjì pọ̀ yóò ṣìnà.

Irin ilé arọ́ wa

Iṣẹ́ irin kì í ṣe ohun àná ní ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú. Ní Taruga, ní àgbègbè àwọn ará Nok tí ó wà ní àárín gbùngbùn Nàìjíríà, wọ́n ti ń yọ́ irin láti ara òkúta ní ohun tí ó lé ní 2,000 ọdún sẹ́yìn. Ní ààfin Ilé-Ifẹ̀, ìṣù irin ńlá kan wà tí a so mọ́ orúkọ Ògún Ládìn, ẹni tí ìtàn sọ pé ó jẹ́ alágbẹ̀dẹ Odùduwà. Ìwọ̀n irin náà lé ní 50 kílógíráàmù. Títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, wọ́n ṣì ń yọ́ irin ní Ọ̀là-Igbì nítòsí Ọ̀yọ́, òyìnbó kan tí ń jẹ́ C. V. Bellamy sì kọ ìròyìn nípa rẹ̀ ní ọdún 1904.

Báwo ni a ṣe ń mọ ọ̀bẹ tí alágbẹ̀dẹ wa rọ? Ẹ kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn rẹ̀, ibi tí kò mú. Ọ̀bẹ tí a fi òòlù rọ kì í nípọn bákan náà láti ìdí dé ṣóńṣó; ibi tí òòlù bà máa ń hàn bí ojú omi tí atẹ́gùn fẹ́ lù. Ẹ tún wo ibi tí irin ti wọnú èkù. Alágbẹ̀dẹ wa sábà máa ń fa ìdí ọ̀bẹ gùn, yóò mú kí ó rí ṣóńṣó, yóò sun ún nínú iná títí yóò fi pọ́n, lẹ́yìn náà ni yóò tì í wọnú igi. Nítorí náà, bí a bá rí èkù tí ó yọ, inú ihò rẹ̀ yóò dúdú bí èédú. Ọ̀bẹ ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ kì í rí bẹ́ẹ̀: ìṣó ni wọ́n sábà fi ń kan èkù mọ́ ọn, ihò ìṣó náà a sì yí róbótó láìsí àbùkù. Paríparí rẹ̀, alágbẹ̀dẹ wa kì í tẹ orúkọ sára irin. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni orúkọ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa níbí. Pé alágbẹ̀dẹ fi ọwọ́ rọ ọ̀bẹ kò sọ pé ọ̀bẹ náà ti pẹ́. Nígbà tí irin òkèèrè bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé ní owó pọ́ọ́kú, àwọn alágbẹ̀dẹ pa ìléru tì, wọ́n sì ń ra irin tí a ti yọ́. Nígbà tí mọ́tò dé, sípíríngì mọ́tò di ohun tí wọ́n ń gé rọ, títí di òní olónìí. Bí ẹ̀yìn ọ̀bẹ tí a fi ọwọ́ rọ bá nípọn bákan náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, tí ihò tí wọ́n fi ń de sípíríngì sì ṣẹ́kù sí ìdí rẹ̀, ẹ mọ̀ pé kò lè ṣáájú ìgbà mọ́tò, bí ó ti wù kí ó dógùn-ún tó. Ìdógùn-ún kì í ka ọdún. Ní ilẹ̀ wa tí ó súnmọ́ omi, tí òjò ń rọ̀ gidigidi, òjò ẹ̀ẹ̀rùn mélòó kan tó láti sọ ọ̀bẹ tuntun di arúgbó.

Ìyàtọ̀ tí ìrísí ń fi hàn

Abẹ kì í ṣe ọ̀bẹ lásán. Abẹ kúrú, ẹnu rẹ̀ fẹ̀, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́. Púpọ̀ nínú wọn ni kò ní èkù igi rárá. Òun ni a fi ń fárí, òun ni àwọn olóòlà fi ń kọlà, tí wọ́n sì fi ń dábẹ́. Ọ̀bẹ ilé tọ́ síwájú, ó ní èkù. Ọ̀bẹ ọdẹ nípọn lẹ́yìn, ó sì ní akọ̀ awọ tí ó lè wọ ìgbànú. Ní apá òkè lọ́hùn-ún, lọ́dọ̀ àwọn Tuareg inú aṣálẹ̀, ọ̀bẹ kan wà tí wọ́n ń pè ní telek. Apá òsì ni wọ́n ń so ó mọ́, nítorí náà ni akọ̀ rẹ̀ ṣe ní òrùka awọ tí ó fẹ̀ tó láti gba apá. Bí ẹ bá rí akọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú àpótí, ẹ mọ̀ pé àlejò ni, ọ̀nà òwò ni ó gbà wá.

Àwa ará ìhà ìlà-oòrùn ní ìbátan mìíràn tí a gbọ́dọ̀ mọ̀. Ìlú Benin kò jìnnà sí wa, ipa rẹ̀ sì hàn nínú oyè àti ìtàn ọ̀pọ̀ ìlú Ìkálẹ̀. Ní Benin, idà oyè méjì ni ó gbajúmọ̀. Ọ̀kan ni ada, tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀, tí a ń gbé síwájú Ọba àti àwọn ìjòyè tí ó lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Èkejì ni eben, tí ó fẹ̀ bí ewé, tí a dá ihò iṣẹ́ ọnà sí lára, tí ó sì ní òrùka lórí èkù. A kì í fi eben gé nǹkan kan. Ijó ni àwọn ìjòyè ń fi í jó láti bọlá fún Ọba. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ada ti Benin àti àdá tí a fi ń ṣán oko jẹ́ ohun kan náà nítorí pé orúkọ wọn jọra. Ní Ọ̀wọ̀, idà oyè wà tí wọ́n ń pè ní udamalore, tí a fi eyín erin tàbí idẹ ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Ẹni tí ó bá gbọ́ ẹ̀ka-èdè ìhà wa, níbi tí ilé ti ń jẹ́ ulé, yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà “idà” nínú orúkọ yẹn kíákíá.

Ọ̀bẹ kíká àti ọ̀nà tí ó gbà dé

Ẹ jẹ́ kí a wá sórí ọ̀bẹ kíká, nítorí òun ni ó ń da ènìyàn láàmú jù. Láàrin ọdún 1870 sí 1895, nígbà tí ogun àti ìdènà ń pa ọ̀nà Ìjẹ̀bú àti ti Ẹ̀gbá dé lemọ́lemọ́, ìjọba Èkó gbájú mọ́ ọ̀nà kan tí a mọ̀ sí Ọ̀nà Oǹdó. Glover, tí ó ṣe olórí ìjọba Èkó títí di ọdún 1872, ni ó kọ́kọ́ gbé e lárugẹ. Ọkọ̀ ojú omi ń gba ọ̀sà láti Èkó wá sí Atijẹrẹ, àwọn oníṣòwò sì ń gba Aiyesan àti ilẹ̀ wa yìí kọjá lọ sí Oǹdó àti òkè. Ọ̀nà yìí àti irú rẹ̀ ni ọjà òkèèrè ń gbà wọ inú igbó wa, láti ọjà ńlá dé ọjà tí ó lè wọ àpò.

Àwọn ìlú tí ń rọ ọ̀bẹ fún gbogbo ayé nígbà náà kò pọ̀: Sheffield ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Solingen ní Jámánì, Thiers ní ilẹ̀ Faransé. Àwọn yìí máa ń tẹ òǹtẹ̀ sí ìdí ẹnu ọ̀bẹ, nítòsí ibi tí ó ti ń ká. Ẹ fi kannáǹkannáǹ gbígbẹ nù ún pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí ẹ sì dojú rẹ̀ kọ ìmọ́lẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, òǹtẹ̀ náà yóò yọ.

Òfin kan ni kí ẹ dì mú: òǹtẹ̀ ń sọ ìgbà tí ọ̀bẹ kò lè ṣáájú rẹ̀, kì í sábà sọ ìgbà tí kò lè kẹ́yìn rẹ̀. Bí a bá rí orúkọ Joseph Rodgers pẹ̀lú ìràwọ̀ àti àgbélébùú kékeré ti Malta, Sheffield ni ó ti wá. Bí adé bá wà láàrin lẹ́tà V àti R, orúkọ Ọbabìnrin Victoria ni, ẹni tí ó gorí oyè ní ọdún 1837. Ọ̀bẹ náà kò lè ṣáájú ọdún yẹn. Bí a bá rí “Made in Germany,” ẹ rántí pé òfin kan tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní ọdún 1887 ni ó fi dandan lé kíkọ orúkọ ilẹ̀ tí ọjà òkèèrè ti wá sára rẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ “West Germany” ni a kọ, ìyẹn wà láàrin ọdún 1949 sí 1990, nígbà tí Jámánì pín sí méjì. Bí irin náà bá jẹ́ irú èyí tí kì í dógùn-ún, kò lè ṣáájú ọdún 1913, nítorí ọdún náà ni Harry Brearley ṣe irú irin bẹ́ẹ̀ ní Sheffield.

Ọ̀bẹ Okapi ni àpẹẹrẹ tí ó sún mọ́ wa jù, nítorí pé nítorí ọjà ilẹ̀ Áfíríkà gan-an ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní Jámánì ní ọdún 1902. Orúkọ ẹranko inú igbó Kóńgò ni wọ́n fún un, ẹranko tí àwọn onímọ̀ Yúróòpù kò mọ̀ títí di ọdún 1901. Èkù rẹ̀ jẹ́ igi tí ó tẹ̀, wọ́n a sì máa fi irin ṣe ìràwọ̀ àti oṣù sí i lára. Òrùka kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tí a ń fà kí ó tó lè padé. Láti ọdún 1988 ni wọ́n ti ń ṣe é ní ilẹ̀ South Africa. Nítorí náà, Okapi tí ó ní orúkọ Jámánì lára àti èyí tí ó ní orúkọ South Africa kì í ṣe ẹgbẹ́ lọ́jọ́ orí, bí wọ́n tilẹ̀ jọ ara wọn bí ìbejì.

Ní ọ̀dọ̀ àwọn ará wa ní Kétu, Àjàṣẹ́ àti Tógò, níbi tí àwọn Faransé ti jọba, irú mìíràn ni ó wọ́pọ̀ láti rí. Douk-Douk jẹ́ ọ̀bẹ tí èkù rẹ̀ jẹ́ irin pẹlẹbẹ tí a ká, tí àwòrán òrìṣà àwọn ará erékùṣù Melanesia wà lára rẹ̀. Ọdún 1929 ni ilé-iṣẹ́ Cognet ní Thiers bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é. Opinel ní èkù igi róbótó, ọwọ́ tí a gbé adé lé sì ni àmì rẹ̀. Ọdún 1890 ni Joseph Opinel bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà, ọdún 1909 ni ó gba àmì ọwọ́ àti adé. Òrùka irin tí ń yí lọ́rùn rẹ̀ kí ó má bàa padé géni lọ́wọ́ kò sí títí di ọdún 1955. Ṣùgbọ́n àwọn kékeré inú wọn kò ní òrùka náà títí di òní, nítorí náà ẹ má ṣe sọ pé ọ̀bẹ kékeré ti pẹ́ nítorí pé kò ní òrùka.

Ẹ ṣọ́ra fún ẹ̀tàn méjì. Ẹni tí ń ṣe ayédèrú lè tẹ orúkọkórúkọ sára irin. Èkejì, ọ̀bẹ tí ó ti ṣiṣẹ́ fún ìran méjì lè ti pààrọ̀ èkù, kí alágbẹ̀dẹ wa gbẹ́ òmíràn sí i. Bí ẹnu bá jẹ́ ti Sheffield, tí èkù sì jẹ́ ìwo ẹfọ̀n tí a gbẹ́ nílé, kì í ṣe ayédèrú. Ìtàn méjì ni ó wà lára ọ̀bẹ kan.

Ṣé ọ̀bẹ òkèèrè tọ́ sí Ògún?

Àwọn kan yóò béèrè pé ọ̀bẹ tí òyìnbó fi ẹ̀rọ ṣe, kí ni ó wá ṣe lójúbọ? Ìtàn dáhùn pé Ògún kò bèèrè ìlú tí irin ti wá. Àwọn ọmọ wa tí a kó lẹ́rú kọjá òkun kò gbé ilé arọ́ dání. Ní Kúbà, àwọn babaláwo ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní Kuanaldo, tí awo fi ń gba ọ̀bẹ, kí ó tó lẹ́tọ̀ọ́ láti fi í pa ẹran ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin fún ìrúbọ. Kì í ṣe irin Ilé-Ifẹ̀ ni ó wà lọ́wọ́ wọn, síbẹ̀ àṣẹ inú rẹ̀ kò dín kù, nítorí pé ètò àti ìfọwọ́sí àwọn àgbà ni ó sọ ọ́ di ohun awo. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún wa. Ọ̀bẹ kíká tí baba àgbà fi pa ẹbọ fún ogójì ọdún ti di ti ilé.

Ohun tí òfin bèèrè

Ìdí nìyí tí ìbéèrè méjì tí a fi bẹ̀rẹ̀ fi ṣe pàtàkì. Òfin tí ó dá Àjọ Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé àti Ibi Ìrántí Orílẹ̀-Èdè Nàìjíríà sílẹ̀ ní ọdún 1979 ka iṣẹ́ ọnà sí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé bí ó bá jẹ́ ti ilẹ̀ wa, tí a sì ti ṣe é ṣáájú ọdún 1918. Tàbí bí ó bá jẹ́ ti ilẹ̀ wa, tí ó níye lórí nínú ìtàn tàbí iṣẹ́ ọnà, tí a sì ti lò ó rí nínú ètò ìbílẹ̀. Irú ohun bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ jáde kúrò ní Nàìjíríà láìsí ìwé àṣẹ àjọ náà.

Ẹ gbọ́ bí òfin ṣe bèèrè ohun kan náà tí àwa bèèrè: ta ni ó ṣe é, kí ni a fi ṣe? Ọ̀bẹ tí alágbẹ̀dẹ wa fi sípíríngì mọ́tò rọ, tí kò tíì pé ọgọ́rin ọdún, lè wà lábẹ́ ààbò òfin bí a bá lè fi hàn pé ọ̀bẹ ìrúbọ ni. Bí kò bá sí ẹni tí ó lè jẹ́rìí iṣẹ́ tí ó ṣe, irin lásán ni yóò jẹ́ lójú ẹni tí ó gbé e kọjá ẹnubodè. Ti ọ̀bẹ òkèèrè tilẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí pé kì í ṣe ilẹ̀ wa ni wọ́n ti ṣe é, ó ṣòro kí òfin yìí gbà á. Olùṣọ́ kan ṣoṣo tí ó ní ni ìrántí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ tí àgbà tí ó mọ ìtàn rẹ̀ bá fi ilẹ̀ bora, ọ̀bẹ náà padà di ọjà Solingen tí ẹnikẹ́ni lè rà.

A kò gbàgbé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Benin ní ọdún 1897, nígbà tí ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ohun ìṣẹ̀ǹbáyé lọ. Ìyẹn fi ipá ṣe. Èyí tí ń ṣẹlẹ̀ lónìí kò nílò ìbọn: ọmọ ilé ni ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e jáde nítorí owó ọjọ́ kan. Ọ̀bẹ ń wólé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́.

Nítorí náà, mo rọ gbogbo agbolé awo pé kí wọ́n ṣe nǹkan mẹ́rin. Kí a yàwòrán ọ̀bẹ kọ̀ọ̀kan ní iwájú àti ẹ̀yìn, pẹ̀lú òǹtẹ̀ rẹ̀. Kí a kọ ọ́ sínú ìwé: irú ọ̀bẹ tí ó jẹ́, ẹni tí ó ni ín, ohun tí a fi ṣe, àti orúkọ àgbà tí ó jẹ́rìí. Kí a má ṣe lọ̀ ọ́ lórí ẹ̀rọ, kí a má sì fi yanrìn bó ìdógùn-ún rẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni òǹtẹ̀ àti ojú òòlù wà. Aṣọ gbígbẹ tó. Kí a má sì fi ọ̀bẹ sílẹ̀ nínú akọ̀ awọ fún ọdún pípẹ́, nítorí pé awọ máa ń fa ọ̀rinrin, ó sì ń jẹ irin. Kí a tọ́jú akọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ifá ni ó kọ́ wa pé ohun tí a bá tẹ̀ sórí ọpọ́n gbọ́dọ̀ ní ẹni tí ó lè kà á. Ọ̀bẹ inú àpótí náà ti tẹ ìtàn sílẹ̀. Kí a má ṣe jẹ́ kí àlejò nìkan ni yóò mọ̀ ọ́n kà. Kí Ògún má ṣe jẹ́ kí irin ilé wa di ti ìta. Kí ọdún ó yabo fún gbogbo wa. Àṣẹ.